Ẹ bá mi dá sí i: ìgbà wo lẹ mọ̀ pé ti ọmọ yín kì í ṣe agídí lásán?

Ìyá Àbúrò:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kì í sábà dá sí i, ṣùgbọ́n tòní ti kún mi dẹ́nu. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 7, wọ́n tún ránṣẹ́ pè mí nílé ìwé ẹ̀ láàárọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí ní sáà yìí nìkan. Tíṣà ẹ̀ ní ìdí ẹ̀ kì í kan bẹ́ǹṣì, pé tí wọ́n bá kọ nǹkan sójú pátákó á kọ ìlà kan, á wá máa wo aláǹgbá lójú fèrèsé títí aago á fi lù. Nílé ńkọ́, mo ní kó bá mi mú ṣíbí wá ní kíṣìnnì, á lọ lóòótọ́, màá retí ẹ̀ títí, ìgbà tí mo bá fi máa yọjú ó ti tú ìdí tọ́ọ̀ṣì, ó ti to bátìrì ẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣíbí dà? "Ṣíbí wo, Mọ́mì?" Kò fi mí ṣeré o, mo wo ojú ẹ̀ dáadáa, ó ti gbàgbé pátápátá ni. Bàbá ẹ̀ ní pàṣán ni oògùn ẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ká gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Èmi wà láàárín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rírú ẹ̀ rí, ìgbà wo lẹ mọ̀ pé ti ọmọ yín kì í ṣe agídí lásán, kí lẹ sì ṣe sí i?

Alájọ:
Ẹ nà án. Wọ́n nà wá, a ò kú.

Bàbá Ìbejì:
Alájọ, ẹ ò kú lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe ń dáni lóhùn 😂

Tíṣà Kíláàsì Kẹta:
Mọ́mì Àbúrò, ẹ má bínú sí tíṣà yẹn jù. Tíṣà lèmi náà, ọdún kọkànlá mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọmọ 68 ni mo ní ní kíláàsì lọ́dún tó kọjá, bẹ́ǹṣì ọmọ mẹ́ta, ọmọ márùn-ún ló ń fún ara wọn pọ̀ sórí ẹ̀, ẹni tó wà létí, ìdajì ìdí ẹ̀ ló jókòó. Tí ọmọ ò bá jókòó jẹ́ẹ́ níbẹ̀ n ò tètè lè sọ pé ara ẹ̀ ni ò balẹ̀ àbí bẹ́ǹṣì ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ń dùn mí. Ọmọbìnrin kan ni, kì í pariwo, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn máa ń dúró lójijì láàárín ìwé kíkọ. Báírò á dúró lórí ìwé, ojú ẹ̀ á rọ̀ síbì kan, ìpéǹpéjú ẹ̀ á máa ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bóyá kéèyàn ka ení dé ẹẹ́wàá, á tún máa kọ̀wé lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n á ti fo ọ̀rọ̀ méjì. Ìgbà mìíràn ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́. "Alálàá Ọ̀sán" ni mo sọ ọ́, gbogbo kíláàsì sì bá mi pè é bẹ́ẹ̀. Rúlà onígi mi ni mo máa fi ń na ìka ẹ̀ kó lè jí. Kọ́pà kan tí wọ́n kó wá síléèwé wa ló ní èyí kì í ṣe àlá o, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Èmi àti ìyá ẹ̀ la jọ lọ. Dókítà fa bébà pélébé kan yọ, ó gbé e síwájú ẹnu ọmọ náà, ó ní kó máa fẹ́ atẹ́gùn sí i kó máa mì, kó má dúró. Fúù, fúù, fúù. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, bébà dúró. Ojú ọmọ dúró. Ìpéǹpéjú bẹ̀rẹ̀. Dókítà yíjú sí ìyá ẹ̀, ó ní "ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí?" Wárápá ni. Irú èyí tí kì í gbé èèyàn ṣubú. Wọ́n fún un lóògùn, kí sáà tó parí ọmọ yẹn ti ń kọ̀wé dópin ìlà. Rúlà yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, n ò lò ó mọ́, n ò sì lè jù ú nù.

Ọ̀pẹ́:
Wárápá tí kì í gbé èèyàn ṣubú? Tíṣà, ẹ rọra o, a ń jẹun lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ó wà. Ọmọdé ló ń ṣe jù, ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 4 sí ọdún 10. Àwọn tíṣà ló máa ń kọ́kọ́ rí i, wọ́n á ní ọmọ náà ò fọkàn síṣẹ́. Tíṣà Kíláàsì Kẹta, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tiẹ̀ tẹ̀ lé wọn dé ọsibítù. Tíṣà tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ ò pọ̀.

Ìyá Rere:
Itọ́ ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní tí itọ́ oníwárápá bá kan èèyàn ó parí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Wárápá kì í ràn. Itọ́ ò ràn án, ṣíbí ò ràn án, àwo ò ràn án. Ká ní ó ń ràn ni, gbogbo àwa nọ́ọ̀sì ìlú yìí ì bá ti wà nílẹ̀.

Bàbá Ìbejì:
A tún ti padà sórí ṣíbí.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Leeds:
Ẹ jẹ́ n dá sí i, ó máa gùn díẹ̀, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Àkọ́bí mi, ó pé ọdún méjì àbọ̀ kò sọ̀rọ̀. Kò pe mọ́mì, kò pe dádì. Ọkọ̀ ìṣeré ẹ̀, kò ní wa ọkọ̀ o, á kàn tò wọ́n láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí fíríìjì, tẹ́nì kan bá ṣèèṣì fẹsẹ̀ yẹ ẹyọ kan, wọ́n á gbọ́ ẹkún ẹ̀ dé títì. Tí mo bá fẹ́ lọ ata, bàbá ẹ̀ á kọ́kọ́ gbé e jáde torí ariwo bùlẹ́ńdà, ṣe ló máa ń fọwọ́ méjèèjì di etí, á máa gbọ̀n. Ẹnì kan níbi tá a ń gbé e sí tá a bá ń lọ síbi iṣẹ́, n ò ní dárúkọ ibẹ̀, ló sọ fún wa pé èdè méjì ló ń dà á láàmú, ká pa Yorùbá tì, Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Àwa náà gbọ́! Àwa tá a wá láti Iléṣà. Ọkọ mi kọ ọ́ sára fíríìjì: "GẸ̀Ẹ́SÌ NÌKAN." Ẹ wò ó, Yorùbá ló fi kọ ọ́.

Àsìkò yẹn ni màmá mi wá bá wa wẹ ọmọ kejì. Màmá mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọjá "tánkiú" àti "sọ́rì". Mo ní mọ́mì, ẹ má sọ Yorùbá sí ọmọ yìí o. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní "kí n wá máa sọ kí ni?" N ò rí èsì fún wọn. Odidi oṣù méjì ni màmá mi fi ń rẹ́rìn-ín sí ọmọọmọ wọn bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sọ́mọ ọlọ́mọ nínú bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ kan wọ́n ní kí n tètè máa lọ níbi iṣẹ́, mo wọlé, mo gbọ́ ohùn ní bálùwẹ̀. Oríkì ni wọ́n ń kì. "Àkànní, ọmọ Ọbòkun, ṣé kí n dà á?" Wọ́n gbé kọ́ọ̀bù omi sókè, wọ́n dúró. Wọ́n dà á sí i lẹ́yìn. "Àkànní, ṣé kí n dà á?" Wọ́n tún dúró. Mo ń yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọn ò rí mi. Ọmọ mi tó ti ń lọ sọ́dún mẹ́ta la ẹnu, ó ní "dà á."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún débi pé imú mi dí. Ìgbà tí mọ́mì rí mi àyà wọn já, wọ́n ní "n ò sọ nǹkan kan fún un o, omi ni mo ń dà." Nígbà tá a padà rí ẹni tó ń kọ́ ọmọ lọ́rọ̀ sísọ, obìnrin yẹn bi wá pé ta ló ní kẹ́ ẹ má sọ èdè yín, pé èdè méjì kì í fa ọ́tísìmù, ìyẹn bí ọpọlọ àwọn ọmọ kan ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ látìbí, kì í sì í mú un burú sí i, ká máa bá a sọ èyí tó yọ̀ mọ́ wa lẹ́nu. Ọ́tísìmù ni wọ́n pe tiẹ̀ nígbà tó pé ọdún 4. Ìwé EHCP yẹn tí ilé ìwé fi gbọ́dọ̀ fún un ní olùrànlọ́wọ́, ọdún kan àti oṣù méje la fi jà fún un. Ó ti pé ọdún 8 báyìí. Ó ń sọ méjèèjì, àmọ́ Yorùbá ẹ̀ dà bíi ti ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó wo bàbá ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní "ìwọ ọkùnrin yìí, o ò ní í fi ara balẹ̀."

Ọ̀pẹ́:
Orí ọ̀kadà ni mo ti ń ka èyí, omi ń bọ́ lójú mi, ọlọ́kadà ní àǹtí ṣé kò sí o.

Bàbá Ìbejì:
"Bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sọ́mọ ọlọ́mọ nínú bọ́ọ̀sì." Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ ti bà mí lọ́kàn jẹ́ lálẹ́ yìí. Màmá mi ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, àwọn ìbejì ò gbọ́ Yorùbá kankan, ẹ̀bi wa sì ni.

Ìyàwó Kánádà:
Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n n ò gbà á tán. Ọmọ àbúrò mi níbí, ìgbà tí wọ́n fi Yorùbá sílẹ̀ ló tó sọ̀rọ̀. Ojú mi ló ṣe. Kì í ṣe gbogbo nǹkan la máa fi ìfẹ́ èdè bò mọ́lẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Leeds:
Àǹtí mi, ọmọ ọdún mélòó ni nígbà yẹn?

Ìyàwó Kánádà:
Ó ti fẹ́ẹ̀ pé mẹ́ta.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Leeds:
Ká ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kó sọ̀rọ̀ lóṣù yẹn náà. Àkókò ẹ̀ ló tó.

Ará Àjàṣẹ́:
Ẹ wá wo àwọn ọmọ wa níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ìyá ń bá wọn sọ Gùn, bàbá ń bá wọn sọ Yorùbá, Faransé ni tilé ìwé, tí wọ́n bá sọdá sí Bàdágírì wọ́n á tún mú Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ bọ̀. Tó bá jẹ́ pé èdè púpọ̀ ló ń di ọmọ lẹ́nu, odi ni gbogbo wa ì bá jẹ́.

Mẹkáníìkì Tòkunbọ̀:
Ará Àjàṣẹ́, ẹ̀yin kẹ́ ẹ ya odi? Mo ti bá àwọn èèyàn yín ra pátì rí o, ẹnu yín ò dákẹ́ 😂

Ará Àjàṣẹ́:
Ẹ tún wá san gbèsè yín.

Ìyá Rere:
Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ṣé kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń fa ọ́tísìmù yìí? Mo ti gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ á máa ṣe dáadáa, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, á dákẹ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀. Mà, ọ̀gbẹ́ni kan ní ìlú ọba, Andrew Wakefield, ló dá a sílẹ̀ ní 1998. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àwọn dókítà kan tí wọ́n ń pè ní Lancet, ọmọ 12 péré ló lò. Nígbà tí wọ́n tú u wò, iṣẹ́ náà ò mọ́. Lancet fúnra ẹ̀ fa ọ̀rọ̀ náà padà ní 2010, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n yọ orúkọ ọkùnrin náà kúrò nínú ìwé àwọn dókítà. Látìgbà yẹn wọ́n ti wo ọmọ rẹpẹtẹ ní ìlú oríṣiríṣi, wọn ò rí i. Ohun tó ń tan àwọn ìyá jẹ ni pé ọjọ́ orí tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ tó dárúkọ yẹn, ti éèyi (measles), lọ́hùn-ún, tó ti lé lọ́dún kan, náà ni ọjọ́ orí tí àmì ọ́tísìmù ń bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ẹ ẹ̀ rí ọmọ tí éèyi ti pa létí. Èmi ti rí i.

Tẹ́ ẹ bá ń wá ohun tẹ́ ẹ máa bẹ̀rù, ẹ bẹ̀rù kàfúrà tẹ́ ẹ ń fi sáàárín aṣọ ọmọ tuntun.

Alájọ:
Kàfúrà tún ṣe kí ni? Ìyá mi fi kàfúrà sáṣọ àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Bọ́ọ̀lù funfun tó ń ta sánsán yẹn. Àwọn ọmọ kan wà tí nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní G6PD ò tó lára wọn, àbímọ́ ni, ó sì wọ́pọ̀ gan-an lára àwọn ọmọkùnrin ilẹ̀ wa. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa fojú mọ̀ ọ́n. Tírú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gbé aṣọ tó ti bá kàfúrà sùn wọ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ojú ẹ̀ á pọ́n rúsúrúsú. Tí pípọ́n yẹn bá pọ̀ jù, á gun ọpọlọ, àwọn ibi tó sì ń bà jẹ́ lọ́pọlọ ni ibi tí ọmọ fi ń gbọ́ràn àti ibi tó fi ń darí ẹsẹ̀ àti ọwọ́. Ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mórí bọ́ ni. Mélòó ni kò mórí bọ́ ládùúgbò yín, tí wọ́n ní àjẹ́ ló mú un?

Ìyá Rere:
Nọ́ọ̀sì, ẹ ti pa mí lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ n sọ tẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ wọn kẹta, ọkùnrin, ọjọ́ kẹrin tí wọ́n bí i ni ojú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ọjà ni wọ́n ti ra aṣọ, àtọjà ló ti ń rùn kàfúrà, wọ́n sì gbé e wọ̀ ọ́ láìfọ̀. Wọ́n ní ká máa sá a sóòrùn àárọ̀, ká máa fún un ní gúlúkóòsì. Èmi gan-an ni mo ń gbé e sóòrùn, ẹ má jẹ́ n purọ́, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé e jókòó ní ẹ̀yìnkùlé. Ìgbà tí ọmọ ò fa ọyàn mọ́, tí ọrùn ẹ̀ ń tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun, la tó gbé e lọ. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ó yè. Ó rìn, ó pẹ́ kó tó rìn. Àfìgbà tó dé kíláàsì kìíní ni ẹjọ́ ń wá: kì í gbọ́ràn, kì í gbọ́ràn. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń fìyà jẹ ẹ́ pé kì í gbọ́ràn, ó kúnlẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè, ó dojú kọ ògiri. Ìgbà tí wọ́n yẹ etí ẹ̀ wò, òótọ́ ni, kì í gbọ́ràn. Etí ẹ̀ méjèèjì ò gbọ́.

Tíṣà Kíláàsì Kẹta:
Ọlọ́run ò.

Ọ̀pẹ́:
Mo ti kó gbogbo kàfúrà ilé mi dà sí ṣáláńgá báyìí báyìí. Aáyán á jẹ àǹkárá mi, kò burú.

Mẹkáníìkì Tòkunbọ̀:
Ẹ̀yin ń sọ tọmọ yín, èmi ni ọmọ yẹn. JSS2 ni mo ti kúrò nílé ìwé, bàbá mi ní owó ìwé tóun ń san, omi lòún ń dà sí apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fà mí lé ọ̀gá mẹkáníìkì kan lọ́wọ́ ní Mọ́ṣálááṣí. Ọ̀gá yẹn ló kọ́kọ́ rí i pé tí mo bá fetí sí ẹ́ńjìnnì, màá sọ pílọ́ọ̀gù tí kò ṣiṣẹ́ kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n kí n wá ra sípáànà bọ̀ lọ́jà, yéè. Màá lọ ra sípáànà, màá mú bàtà bọ̀. Fóònù tí mo ti sọ nù lọ́dún yìí, mẹ́ta. Ọkọ̀ oníbàárà kan wà tí mo tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tán tí ọ̀nà mìíràn yọ sí mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkùnrin yẹn fẹ́ fi mí mọ́lé.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi obìnrin tó wà ní Houston pè mí. Ọmọ ẹ̀ ni iléèwé fún ní fọ́ọ̀mù, ó ní ká jọ kún un torí wọ́n ń bi í nípa ìdílé. Ó ń ka ìbéèrè: ṣé ó máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ tí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀? Ṣé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí kì í parí ẹ̀? Ṣé ó máa ń sọ nǹkan nù? Mo ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni," àbúrò mi dákẹ́, ó ní "Bọ̀dá mi, ọmọ mi ni wọ́n ń béèrè o." Mo ní mo rò pé èmi ni. Ọmọ ogójì ọdún ó lé mẹ́rin, mo wà lábẹ́ ọkọ̀, ọ́ìlì ń kán sí mi lójú, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé n kì í ṣe olódo.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Leeds:
Bọ̀dá, ẹ ẹ̀ kì í ṣe olódo rárá.

Alájọ:
Gbogbo èèyàn ló ń gbàgbé nǹkan. Èmi náà gbàgbé ibi tí mo fi dígí ojú mi sí láàárọ̀, orí mi ló wà. Ẹ má sọ gbogbo nǹkan di àìsàn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Bàbá, ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi kàn ń fẹnu lásán pè é ní ADHD, ìyẹn kí ọkàn èèyàn má lè dúró sójú kan, kí ara ẹ̀ má sì balẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti máa hàn kéèyàn tó pé ọdún 12, ó gbọ́dọ̀ tó oṣù mẹ́fà, ó gbọ́dọ̀ máa ṣẹlẹ̀ níbi tó ju ẹyọ kan lọ, nílé àti nílé ìwé bí àpẹẹrẹ, ó sì gbọ́dọ̀ máa dí èèyàn lọ́wọ́ lóòótọ́. Tó bá jẹ́ ilé ìwé nìkan lọmọ ti ń ṣe é, tó ń jókòó jẹ́ẹ́ nílé, ẹ lọ wádìí ilé ìwé yẹn. Ọmọ tí ò sùn tó, ọmọ tí ebi ń pa, ọmọ tí wọ́n ń dẹ́rù bà, gbogbo wọn ló lè dà bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ìbejì:
Oògùn ẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ń fún àwọn ọmọ kan lóògùn ní Amẹ́ríkà.

Mẹkáníìkì Tòkunbọ̀:
Ọmọ àbúrò mi ń lò ó. Ritalin. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni wọ́n ń fún, àwọn dókítà kọ́kọ́ ń dán ẹ̀kọ́ àti ìtọ́ni wò, pàápàá fún àwọn kéékèèké. Oúnjẹ ò fi bẹ́ẹ̀ wù ú jẹ lọ́sàn-án, ìyẹn la ń bá a fà. Ẹ sì mọ̀ nǹkan kan, òyìnbó tó ṣe oògùn yẹn ní 1944, Rita ni wọ́n ń pe ìyàwó ẹ̀, orúkọ ìyàwó ló fi sọ ọ́.

Bàbá Ìbejì:
Ẹ má jẹ́ kí ìyàwó mi rí èyí. Ọdún kẹsàn-án rèé, fóònù mi gan-an, orúkọ ẹ̀ ò sí níbẹ̀ bó ṣe fẹ́ kó wà.

Ìyá Àbúrò:
Ẹ ṣeun o, mo ń ka gbogbo ẹ̀, mi ò tíì lè sùn. Ibo lẹ wá ní kí n gbé e lọ? Ìbàdàn ni mo wà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Etí àti ojú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò, ẹ ti gbọ́ ohun tí Ìyá Rere sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, UCH ní àwọn tó ń tọ́jú ọpọlọ ọmọdé. Ẹni tó wà l'Ékòó, ọsibítù Yábàá ní ibi tọmọdé lọ́tọ̀ ní Ọ̀ṣòdì. Ẹni tó wà l'Ábẹ́òkúta, Àró.

Ìyá Rere:
Àró kẹ̀! Ṣé ọmọ ya wèrè ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa pariwo. Àró kì í ṣe ilé wèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kan níbẹ̀ ní 1954 tó jẹ́ pé inú abúlé ni àwọn aláìsàn ń gbé, mọ̀lẹ́bí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú, wọ́n ń padà sílé. Gbogbo àgbáyé ló wá wò ó. Àwa la wà níbí tá à ń fi Àró bú ara wa.

Ọ̀pẹ́:
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi kí n lọ sùn. Àbúrò mi ni wọ́n ní emèrè ni, torí pé ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sùn, kì í sì í dúró síbì kan. Wọ́n ní ká ṣe sàárà fún ẹgbẹ́ ẹ̀. A ra àkàrà, ìrèké, ẹ̀pà, bisikíìtì, súìtì, a pe gbogbo ọmọ àdúgbò. Ọmọ yìí jẹ, ó yó, ó jó, ó tún fi súìtì sápò. Ọjọ́ kejì ló bi màmá wa pé "ìgbà wo la tún máa ṣe àìsàn mi?"

Bàbá Ìbejì:
😂😂😂 Ọmọ ọlọgbọ́n.

Ìyá Rere:
Ẹ má fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeré. Àwọn ọmọ yẹn wà.

Ọ̀pẹ́:
N ò ní wọn ò sí. Mo ní tiwa fẹ́ràn àkàrà ni.

Tíṣà Kíláàsì Kẹta:
Ìyá Àbúrò, kẹ́ ẹ tó rí dókítà, ẹ gbìyànjú èyí. Ẹ má rán an níṣẹ́ látọ̀ọ́kán. Ẹ lọ bá a, ẹ fọwọ́ kan èjìká ẹ̀, ẹ jẹ́ kójú yín ó ṣe mẹ́rin, iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ ní kó tún un sọ fún yín. Kó máa sọ ọ́ lọ títí á fi débẹ̀. Nílé ìwé, ẹ bẹ tíṣà ẹ̀ kó gbé e síwájú, kó jìnnà sí fèrèsé, kó sì máa fi iṣẹ́ pátákó nínù rán an. Ẹni tí ìdí ẹ̀ ò lè kan ìjókòó, ẹ fún un ní ìdí tó fi máa dìde.

Alájọ:
Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan o. Tí ẹnì kan bá ní ọmọọmọ tó ti pé ọdún mẹ́ta tí kò tíì sọ̀rọ̀, UCH yẹn kan náà ni? Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n bá òun béèrè.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ibẹ̀ náà ni, Bàbá. Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé kó má dúró dìgbà tó máa pé mẹ́rin. Kó sì máa kì í.

Alájọ:
Ó ti gbọ́.

Ìyá Àbúrò:
Tíṣà, mo ti dán an wò báyìí, ó ṣì jí. Mo fọwọ́ kan èjìká ẹ̀, mo ní kó bá mi mú ṣíbí wá, mo ní kó máa pè é lọ. Mo ń gbọ́ ọ lọ́nà kíṣìnnì, "ṣíbí, ṣíbí, ṣíbí, ṣíbí." Bàbá ẹ̀ gan-an gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó ń retí ẹ̀.

Ó mú fọ́ọ̀kì bọ̀.

Mẹkáníìkì Tòkunbọ̀:
Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi ì bá mú bàtà bọ̀.